Ògòǹgò Tó Jẹ Ìpín Kẹ́hìndé

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó wá sí Igbó-Ọrà, kó béèrè ilé Ìyá Ìbejì. Wọ́n á bi í pé èwo nínú wọn, torí a pọ̀ nílùú yìí. Kó sọ fún wọn pé tíṣà ni, èyí tí ọkọ rẹ̀ ń sin ẹyẹ. Wọ́n á mú un dé ẹnu ọ̀nà mi. Ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan sì ni. Mi ò mutí, mi ò sì sùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ níbí. Mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Keturah ni orúkọ mi. Zachariah ni ọkọ mi. Ìbejì nìkan la bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Wọ́n jọra débi pé bàbá wọn kì í dá wọn mọ̀. Èmi máa ń dá wọn mọ̀. Táyé kì í lè pa ẹnu mọ́, kó o tó bi í ló ti dáhùn. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ wò ọ́ ná. Á wò ọ́ títí ara á fi máa tì ọ́, kó tó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ọdún tí wọ́n pé ọmọ ọdún méje ni Zachariah fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ní ẹyẹ lòun fẹ́ máa sìn. Mo rò pé adìẹ ni. Ó ní adìẹ kẹ̀, ta ni kì í sin adìẹ. Ògòǹgò lòun ń sọ, ẹyẹ tó tóbi jù lọ láyé, tó ga ju ọkùnrin lọ, tí kò lè fò àmọ́ tó ń sáré ju ọ̀kadà lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sìn ín ní gbogbo Ìbàràpá, orúkọ òun ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ó lọ ra ẹyin mẹ́fà wá láti òkè Ọya. Ẹyin kan tó orí ọmọ tuntun. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin sí yàrá àlejò wa, ó kì í bọ iná, ó wá sọ fún gbogbo wa pé ọjọ́ méjìlélógójì ni ẹyin náà máa lò, wọn ò sì gbọdọ̀ tutù.

Látọjọ́ náà la ò ti ní bàbá nílé mọ́. Tí mo bá ní kó bá mi mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó ń wo ẹyin. Tí a bá ń gbàdúrà, ẹyin ló kọ́kọ́ ń dárúkọ fún Ọlọ́run. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn. Mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó mẹ́fà lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni.

Ọjọ́ kọkànlélógójì, ara Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gìrì gbé e. Òjò ń rọ̀. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ àná, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo gbé ọmọ jáde síta pé kí Zachariah sáré gbé wa lọ sí ọsibítù ìjọba. Mo bá a nídìí mọ́tò. Ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wa wé ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tẹ́ wọn sórí àga ẹ̀yìn, ó ti ń tan mọ́tò. Ó ní iná wà nílé ọ̀rẹ́ òun kan ní Èrúwà, òun fẹ́ sáré gbé wọn débẹ̀. Mo ní kó já wa sílẹ̀ ná. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà ọsibítù, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Èrúwà, tóun bá fi yípo ẹyin á tutù. Ó ní ibà lásán ni. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà níwájú orí, ó ní, "Kí n tó dé, ara rẹ̀ á ti balẹ̀." Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kò sí ọ̀kadà nínú òjò yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ rìn.

Nílẹ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó lọ sí Èkó. Èmi máa sọ ọ́ níbí o. Kẹ́hìndé kú. Ó kú sí mi lápá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tí wọn ò tíì ṣí, mo sì ti ń rí géètì ọsibítù lọ́ọ̀ọ́kán.

Nínú ẹyin mẹ́fà, márùn-ún bà jẹ́. Ọ̀kan pa ní Èrúwà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Zachariah gbé ọmọ ògòǹgò náà bọ̀ nínú páálí, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta. Ìgbà tó rí èrò lẹ́nu ọ̀nà wa ló tó dúró.

Ìyá ọkọ mi dé láti Ìdèrè lọ́jọ́ kẹta. Màmá Ìdèrè la máa ń pè é. Òun ló kó wa jókòó, tó sọ ohun tí a máa ṣe kí Táyé má bàa tẹ̀lé ìkejì rẹ̀. A ò gbọdọ̀ sunkún lójú rẹ̀. A máa sọ fún un pé Kẹ́hìndé wà ní Èkó. Ohunkóhun tí a bá fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, aṣọ méjì, bàtà méjì, àwo oúnjẹ méjì. Tó bá gbé àwo kejì kalẹ̀, kó pe Kẹ́hìndé sí i, lẹ́yìn náà kí ọmọ ará ilé kan wá jẹ ẹ́. Onígbàgbọ́ ni wá, àmọ́ mi ò bá a jiyàn. Ọmọ kan ló kù mí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kí n máa fi orí rìn kó lè dúró, màá rìn.

Zachariah ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí ló dé tí a ó máa fi oúnjẹ gidi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ẹyẹ òun ń dàgbà, tí ebi sì ń pa á. Ó ní kí Táyé máa gbé àwo kejì fún ẹyẹ. Màmá Ìdèrè wò ó, ó ní, "Zachariah, ìpín èèyàn nìyẹn." Zachariah ní ikùn ni ikùn ń jẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, Táyé á gbé àwo lọ sídìí ọgbà, á ní, "Kẹ́hìndé, wá jẹun." Ọmọ ògòǹgò á sì sáré wá. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ mọ́ínmọ́ín. Mi ò dá a dúró. Ojú mi ti ṣú nígbà yẹn, mo kàn ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń lọ síléèwé ni. Nígbà tí mo fi máa la ojú wo ẹyẹ náà dáadáa, ó ti ga jù mí lọ. Ọrùn gígùn, ìyẹ́ eléèérú, ìka ẹsẹ̀ méjì méjì. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí ti ọmọge. Mo wọ inú ọgbà lọ gbá ilẹ̀. Ó yíjú sí mi. Kò mira, kò dún. Ó kàn ń wò mí, ó ń wò mí, títí ara fi tì mí.

Mo ju ọwọ̀ sílẹ̀, mo jáde. Mo sọ fún Zachariah. Ó ní bí ojú gbogbo ògòǹgò ṣe ń rí nìyẹn.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. A wà ní kíláàsì, ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọmọ ń kọ iṣẹ́. Kò sí ariwo kankan àfi ti pẹ́ńsùlù. Táyé gbé orí sókè, ó ní, "Màmá, ewúrẹ́ Ìyá Ṣàkírát ti já wọ inú ọgbà wa. Ó ń jẹ ẹ̀gẹ́." Iléèwé wa jìnnà sílé, èèyàn á rìn tó ogún ìṣẹ́jú. Mo bá a wí pé kó kọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, Ìyá Ṣàkírát ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bẹ̀ wá nítorí ewúrẹ́. Mi ò bi Táyé léèrè. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló bà mí.

Nígbà tí ẹyẹ náà lé díẹ̀ lọ́dún kan àti oṣù mẹ́rin, Zachariah rí ẹni tó máa rà á. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọláyídé ni, láti Ìbàdàn. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í fi agbára mú ògòǹgò. Ìpá rẹ̀ kan lè pa ọkùnrin. Aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó lójú. Tó bá ti dúdú lójú rẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, ibi tó o bá tì í sí náà ló máa lọ. Zachariah ti gé apá súwẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un.

Èmi àti Táyé wà lẹ́yìnkùlé, à ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Oòrùn mú débi pé ilẹ̀ ń jó ni lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin níwájú ilé, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ Táyé dúró nínú àwo.

"Màmá, ta ló ti fèrèsé?"

Ìta la wà. Mo wo ojú rẹ̀. Ó là á sílẹ̀ gbayawu. Mo fi ọwọ́ mi kọjá níwájú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Màmá, ibí ti ṣú."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú ilé. Ògòǹgò náà ló dúró láàárín wọn, apá súwẹ́tà lórí rẹ̀ dé ọrùn, jẹ́ẹ́. Mo fà á yọ. Lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí Táyé ní òun ti ń ríran. Zachariah bínú sí mi. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó tún fi bò ó. Lẹ́yìnkùlé, ọmọ bú sẹ́kún. Mo ní kó lọ wo ọmọ rẹ̀. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà, mo rí i. Mo rò pé ó ti yé e.

Ó ní ojú ló ń dun ọmọ náà. Ó ní tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, a máa mú un lọ rí dókítà. Ó wá ṣẹ́wọ́ sí Ọláyídé pé kí wọ́n gbé ẹyẹ sọ́kọ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ka ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kejì tó fi ẹyẹ ṣáájú ọmọ nìyẹn.

Wọ́n ti gbé e sọ́kọ̀ tán kí n tó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo fa aṣọ yẹn ya lójú rẹ̀. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ta ìpá kan, pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ ya, ó bẹ́ sílẹ̀, ó gba ojú títì lọ. Ọlọ́kadà méjì lé e, wọn ò bá eruku rẹ̀. Ọ̀nà Ayété ló gbà.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Táyé. Mo di ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ mi. Mo ní ṣé ó ń ríran báyìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló ń rí. Ó ní, "Koríko. Ó ń sáré kọjá." Ojú mi ló yẹ kó máa rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ojú tan iná sí i, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú ọmọ náà. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìtọ̀. Ọmọ tí kì í lè pa ẹnu mọ́ wá di ẹni tó ń jókòó sórí ẹní láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń sọ ohun tó ń rí bí ẹni ń ka ìwé. Ó rí odò. Ó rí màlúù àti àwọn tó ń dà á. Ó rí ògiri iléèwé kan, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún wa, a sì mọ̀ pé igbó ẹ̀yìn Ayété ni. Ó ń rù sí i lójoojúmọ́. Màmá Ìdèrè wá wò ó, ó mú ìkejì gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ń ká wọn, ó ń tú wọn. Mo mọ ohun tó ń rò. Ohun tí èmi náà ń rò ni. Táyé ń lọ.

Zachariah wá ní òun ti rí ojútùú rẹ̀. Òun máa lọ yìnbọn pa ẹyẹ náà. Tó bá kú, ojú ọmọ á padà sọ́dọ̀ ọmọ. Mo bi í pé tí ojú náà bá bá a kú ńkọ́. Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ náà ló bá a kú ńkọ́. Ó ní òun ni bàbá, òun ti pinnu. Ó yá ìbọn, ó mú ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àyànkúnlé dání, wọ́n lọ sí Ayété láàárọ̀ ọjọ́ Fúráìdè.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jókòó ti Táyé, mò ń fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ ò sí. Àwọn adìẹ àdúgbò ti lọ sábẹ́ ìbòòji, kò sí èyí tó ń dún. Rédíò ilé kejì kú. Mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi.

"Mo rí Dádì," ló wí.

Mo ní níbo. Ó ní lábẹ́ igi ìrúgbá kan. Ó ní wọ́n dé fìlà tí wọ́n fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ wọn òsì wà lórí ọ̀gán. Ó ní wọn ò tíì rí òun.

"Wọ́n ti rí mi."

Mo gbé fóònù. Mo pe nọ́ńbà ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pe ti Zachariah. Táyé ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Wọ́n ti gbé ìbọn sókè. Wọ́n ti di ojú kan. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi. "Wọ́n wo àpò wọn," Táyé wí. "Wọ́n ń yọ ọ́."

Ọkọ mi gbé e. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Bàbá Ìbejì," ni mo wí, "ẹ má yìn ín. Ọmọ yín ń wò yín. Abẹ́ igi ìrúgbá lẹ wà. Ẹsẹ̀ yín òsì wà lórí ọ̀gán."

Ó bi mí pé, "Táyé ló ń wò mí?"

Mo bi Táyé. Ó mi orí. Ó ní òun kọ́. Ó ní Kẹ́hìndé ló ń wò wọ́n, òun kàn ń bá a wò ni.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

"Kí ló fẹ́?"

Mo yíjú sí ọmọ náà. Kò dá mi lóhùn kíákíá bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò mí ná. Ó wò mí títí, pẹ̀lú ojú tí kò ríran yẹn.

"Ó ní kí Dádì gbé òun lọ sí ọsibítù."

Mi ò lè tún un sọ. Mo gbé fóònù sí i lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ koríko gbígbẹ lábẹ́ bàtà. Zachariah ò pa fóònù. Táyé ní wọ́n ti gbé ìbọn ti ara igi. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n na apá méjèèjì.

"Wọ́n ti gbé e," ló wí.

Ó ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá yíjú, ó wo ojú mi, ojú èmi ìyá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí orí mi.

"Màmá, irun yín ti funfun."

Mo sunkún débi pé Ìyá Ṣàkírát sáré wọlé. Ọmọ mi ti ń ríran. Títí dòní ló ń ríran, ó ń jẹun, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò moore.

Àmọ́ Zachariah ò wálé. Àyànkúnlé ní àwọn ti pínyà nínú igbó, òun ò gbọ́ ìró ìbọn. Nígbà tó dé ìdí igi ìrúgbá, ìbọn ló bá níbẹ̀ àti fóònù tí mo ṣì wà lórí rẹ̀. Kò rí ìyẹ́ kankan. Kò rí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ipa bàtà ẹnì kan ló rí, ó ní ó jìn wọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ru ẹrù, ó sì dojú kọ ọ̀nà Igbó-Ọrà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ wá, Hàlímọ̀, wá bá mi láti ọsibítù ìjọba. Ó kọ́kọ́ ní kí n jókòó. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Fúráìdè, kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Ìbejì wọlé wá. Eruku bò wọ́n dé itan. Wọ́n ká apá méjèèjì síwájú bí ẹni gbé ọmọ, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí òun rọra gbà á, ara rẹ̀ gbóná. Ó ní òun rò pé ìbànújẹ́ ti yí wọn lórí ni, òun sì na ọwọ́ kí òun lè fi tù wọ́n nínú. Ọwọ́ òun wálẹ̀. Ó ní ó wúwo. Ó ní ó gbóná. Òun fà sẹ́yìn, òun sáré lọ pe dókítà, kí àwọn tó dé, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá náà mọ́.

Wọ́n ti wá Zachariah dé Ìdèrè, wọ́n ti wá a dé Èrúwà. Àwọn ará ìjọ ń bá mi gbàdúrà pé kó padà wálé. Mò ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ bọ̀. Lọ́jọ́ tí Hàlímọ̀ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Inú ló bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ọkùnrin yẹn mọ ọ̀nà ọsibítù. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ló fi pẹ́ kó tó gbé e débẹ̀.